Fídà Abẹ́ Ègé Aṣọ

Ìgbà tí Bàbá Agéṣọ fẹ̀yìn tì ni iṣẹ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ fún un. Ogójì ọdún ló fi dúró nídìí tábìlì gígùn kan nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán yunifọ́ọ̀mù, tó ń fi sísọ́ọ̀sì ńlá gé aṣọ fún àwọn tó máa rán an. Ó gé e títí àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fi tẹ̀. Ọjọ́ tó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó rò pé ìsinmi dé, àfi bí ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo ṣe bímọ. Ọkọ ọmọ náà, awakọ̀ akẹ́rù, ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lójú ọ̀nà kó tó lo ọjọ́ mẹ́ta nílé. Ìyàwó Bàbá sì ti kú láti ọdún mẹ́fà. Ta ni yóò máa mójú tó ọmọ bí ìyá rẹ̀ bá lọ síbi iṣẹ́? Wọ́n ní ìka tó tọ́ símú la fi ń ro imú, ṣùgbọ́n bí èyí tó tọ́ ò bá sí ńkọ́? Èyí tó wà nílẹ̀ náà la máa lò. Bí Bàbá ṣe di alágbàtọ́ nìyẹn, ní ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin.

Ọmọ náà ní orúkọ gidi o, ṣùgbọ́n Alága ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí pé bí òun bá ti jókòó, kò sẹ́ni tó tún lè jókòó mọ́. Á kàn na ọwọ́ sí ohun tó bá wù ú, ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù lọ á dìde lọ mú un wá.

Ohun kan wà tí Bàbá ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìyá Alága fúnra rẹ̀ wà lọ́mọ ọwọ́, Bàbá ò gbé e tó ìgbà mẹ́wàá. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tó fi ń jáde nílé. Kó tó padà dé, ọmọ á ti sùn. Lójú tirẹ̀ nígbà náà, iṣẹ́ obìnrin ni ọmọ ọwọ́. Ìgbà tí wọ́n wá gbé Alága lé e lápá pẹ̀lú fídà, tí ọmọ gbá rọ́bà orí fídà mú, tó fi ọwọ́ kékeré kan di àtàǹpàkò tó tẹ̀ yẹn, tó wá ń wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń fa mílíìkì, ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ọkùnrin tí ò sunkún níbi ìsìnkú ìyàwó rẹ̀ ló ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Láti ọjọ́ náà ni fídà ọ̀sán ti di tirẹ̀. Agogo kan géérégé, àga ẹ̀bá fèrèsé, ọmọ lápá òsì, fídà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹni yòówù kó kan ilẹ̀kùn lásìkò yẹn, ìta ni yóò dúró sí.

Alága pé ọdún kan àti oṣù méjì, ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ọmọdé, Bàbá sì tẹ̀ lé wọn. Nọ́ọ̀sì tó rí wọn jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tó ń yára sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ẹgbẹ̀rún èèyàn ń dúró dè. Ó la ọmọ lẹ́nu, ó fi ìka tẹ eyín iwájú.

"Ìyá Alága, fídà yìí ti tó o. Mílíìkì tó ń dúró sí ọmọ lẹ́nu ló ń ba eyín jẹ́. Ẹ wo àmì funfun tó ń yọ lára rẹ̀ níbí, bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ nìyẹn." Ó mú ife kan jáde látinú kọ́bọ́ọ̀dù. Ife náà ní etí méjì, ó ní ìdérí, ó sì ní ẹnu pẹlẹbẹ kan tí ọmọ á máa gbà mu. "Irú èyí ni kẹ́ ẹ rà fún un. Ẹ má kàn gba gbogbo fídà lọ́wọ́ ẹ̀ lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Tọ̀sán ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ, torí ara ọmọ máa ń yá lọ́sàn-án. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ yọ tàárọ̀. Tìrọ̀lẹ́ ló máa gbẹ̀yìn."

Fídà mẹ́ta ni ọmọ ń mu lójúmọ́. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti Bàbá ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ gbà.

"Bàbá, ṣé ẹ gbọ́?" nọ́ọ̀sì bi í. "Ẹ̀yin lẹ máa bá wa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀."

"Mo gbọ́," ni Bàbá wí. Etí rẹ̀ ló gbọ́ ṣá.

Lọ́jọ́ Ajé, ìyá Alága rọ mílíìkì ọ̀sán sínú ife tuntun, ó gbé e sínú fíríìjì, ó sì na fídà ọ̀sán sí bàbá rẹ̀. "Bàbá, ẹ bá mi jù ú nù, kójú ọmọ má baà tún rí i." Ó bá tirẹ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Ẹ má jẹ́ ká fi ẹ̀sùn ohun tí ò ṣe kan àgbàlagbà. Bàbá gbìyànjú. Ó ju fídà sínú garawa ìdọ̀tí lóòótọ́. Nígbà tí agogo kan lù, ó mú kí mílíìkì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó jókòó, ó gbé ife sí ọmọ lẹ́nu. Alága wo ife, ó wo Bàbá, ó sì fọwọ́ gbá a dànù wọ abẹ́ àga. Bàbá fà á yọ, ó nù ún, ó tún gbé e dé. Ọmọ figbe ta. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, Alága ò tiẹ̀ wo ife mọ́. Orí tábìlì níbi tí fídà máa ń wà ló ń nawọ́ sí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ poroporo. Bàbá wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó fẹ́ jalè nínú ilé ara rẹ̀. Ó yọ fídà nínú garawa, ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sè é nínú omi gbígbóná, ó sì da mílíìkì inú ife sínú rẹ̀. Ọmọ gbórí lé e lápá. Ilé pa rọ́rọ́.

"Ó di ọ̀la," Bàbá wí fún ara rẹ̀.

Ọ̀la ọ̀hún kò dé. Tó bá ti di agogo kan, ohun tó ń sọ náà nìyẹn.

Fídà wá nílò ibi tí yóò máa sùn. Bàbá ní àpótí onígi kan nínú pálọ̀, inú rẹ̀ ló kó ègé aṣọ sí, gbogbo èyí tó ti ń gbá jọ nísàlẹ̀ tábìlì láti ìgbà tó ti ń gé aṣọ, nítorí kò sí bó ṣe lè ju aṣọ nù. Abẹ́ ègé aṣọ ló ń tọ́jú fídà sí. Níwọ̀n bó sì ti jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tí kì í ṣe iṣẹ́ láàbọ̀, ó ṣe irọ́ náà pé pérépéré. Á fi ẹ̀kán mílíìkì díẹ̀ ṣan inú ife kó lè jọ èyí tí wọ́n mu, á wá dojú rẹ̀ dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì.

"Ẹ kú ilé o, Bàbá," ọmọ rẹ̀ á wí tó bá dé nírọ̀lẹ́. "Ṣé ó mu ún?"

"Ó mu ún tán."

"Nínú ife?"

"Àbí inú bàtà ni ǹ bá ti fún un?"

Obìnrin náà á rẹ́rìn-ín, á fi ọwọ́ lé ìbàdí, á sọ fún Alága pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa!" Inú rẹ̀ ń dùn gan-an ni.

Ọ̀sẹ̀ kejì dé, ó kan fídà àárọ̀, èyí tó jẹ́ ti ìyá. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Alága kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ̀ pé fídà wà nílé. Kí ló máa mú un bá ife fa wàhálà láàárọ̀ nígbà tí agogo kan ọ̀sán ń bọ̀? Bí ìyá rẹ̀ bá ti gbé ife dé, á pa ẹnu dé pinpin, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Bó bá sì ti fojú kan Bàbá, á na apá méjèèjì sí i, á máa ké. Ìyá ra ife pupa, ó ra ife aláwọ̀ sánmà. Òun fúnra rẹ̀ mu nínú ife, ó ní, "Yéè, ó mà dùn o!" Ó kọrin, ó jó yí àga ká. Alága wo ijó náà dé òpin, ó sì tún ẹnu rẹ̀ pa dé. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni ìyá ń wà nílé lọ́sàn-án, tí ì bá fi rí òótọ́ lójú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí agogo kan tó lù lọ́jọ́ Àìkú, Bàbá á ti rántí pé ọ̀rẹ́ òun kan ń retí òun, á sì gbé Alága dání jáde.

Ojú pípọ́n ni obìnrin náà ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ló ti ń ṣiṣẹ́, ní yàrá ìfọṣọ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí kò ní fèrèsé. Òun àti ẹnì kan á di etí aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì mú, wọ́n á nà án, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á ká a, ó ń lọ bí igba lójúmọ́, nínú ooru ẹ̀rọ. Ó ti di ọdún méje tó ti wà lẹ́nu rẹ̀. Lóṣù yẹn gan-an ni wọ́n pè é sókè, wọ́n ní ọ̀gá yàrá ìfọṣọ ń kúrò, òun sì ni wọ́n fẹ́ fi rọ́pò. Bàbá ló kọ́kọ́ sọ fún. Ó wọlé lọ́jọ́ náà, kò tíì bọ́ bàtà tó fi ń fò sókè láàárín pálọ̀ bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, Alága ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ó tún jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ife. Alága rá lọ bá Bàbá, ó gbá a lẹ́sẹ̀ mú.

"Bàbá, ẹ̀yin ẹ wá fún un," ni ọmọ rẹ̀ wí, ó na ife sí i. "Ẹ jẹ́ kí n wo bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é."

Bàbá fa ọwọ́ sẹ́yìn. "Ó ti rẹ ọmọ náà," ó wí. "Jẹ́ kó sinmi."

Obìnrin náà gbé ife sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń wò ó. "Mo gba ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kọjá lónìí. Ó bi mí bóyá ó ń mu ún lọ́wọ́ yín, mo ní ó ń mu ún tán. Ó ní a jẹ́ pé kì í ṣe ife lọmọ ń bá jà, èmi ni. Ó ní àwọn ọmọ kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí wọn ò bá rí ìyá wọn tó bó ṣe yẹ." Ó gbé ife kúrò lórí ẹsẹ̀. "Bàbá, ọmọ mi ò fẹ́ mi."

Ibi tí ọ̀rọ̀ yẹ kó ti jáde nìyẹn. Bàbá mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n rẹ̀, ó wúwo níbẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni: fídà wà nínú àpótí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á. Ó rò pé bí ọmọ òun bá gbọ́, kò ní gbé Alága lé òun lápá mọ́ láyé. Ó sì ti mọ bí ọmọ ṣe ń wúwo lápá báyìí. Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n rí ló lè ní kò ṣe nǹkan kan.

"Á fẹ́ ẹ," ó wí. "Ọmọdé ni."

Lọ́jọ́ Àìkú, ìyá Alága jókòó sídìí tábìlì, ó kọ lẹ́tà. Ó kọ ọ́, ó ya á, ó tún un kọ. Lẹ́yìn náà, ó kà á sí bàbá rẹ̀ létí. Ó dúpẹ́ fún ipò tí wọ́n fún òun, ṣùgbọ́n agogo mẹ́jọ alẹ́ ni ọ̀gá yàrá ìfọṣọ ń kúrò níbi iṣẹ́, òun ò sì lè ṣe é. Kódà, òun á fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ná, kí òun jókòó ti ọmọ òun. Ó ká lẹ́tà náà sí mẹ́rin, etí rẹ̀ bá etí mu bí aṣọ òtẹ́ẹ̀lì.

"Kí lẹ rí sí i, Bàbá?"

"Ohun tó bá tọ́ lójú ẹ ni kó o ṣe."

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà o. Ó jókòó sórí àga ẹ̀bá fèrèsé, ó ń wo orí bó ṣe ń wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, bí ìyá Alága ti gbé lẹ́tà jáde ni Bàbá wọ bàtà. Ó fi bébà wé fídà, ó gbé ọmọ, ó rìn kọjá òpópónà mẹ́rin kó tó rí àkìtàn tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó jù ú síbẹ̀. Ì bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ lóṣù kan sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Lójú ọ̀nà ló ti rò ó pé òun lè sáré lọ sí òtẹ́ẹ̀lì, kí òun bá a lẹ́nu ọ̀nà kó tó fi lẹ́tà lélẹ̀. Ó dúró. Ó wo ọ̀nà náà. Ó sì yí padà sílé.

Ìyá Alága wá ń wà nílé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó ti kó fídà àárọ̀ àti tìrọ̀lẹ́ dànù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kìíní, nígbà tó gbé ife dé, Alága rá lọ sídìí àpótí, ó kó ègé aṣọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan títí àpótí fi ṣófo, ó sì yíjú wo Bàbá. Bàbá ò lè wo ojú yẹn.

"Kí ló ń wá níbẹ̀?" ìyá rẹ̀ béèrè.

"Ó fẹ́ràn aṣọ," ni Bàbá wí. Irọ́ lórí irọ́.

Ọmọ ké lọ́jọ́ kìíní, ó ké lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta tí kò sí fídà níbì kankan, Alága gba ife lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò lókè nísàlẹ̀, ó fi sẹ́nu, ó mu ún. Ó mu ún tán, ó na ife sí i pé kó tún bu sí i. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ó pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù níbi tó ti ń wakọ̀. "Ó mu ún! Èmi ló ń wá látọjọ́ yìí! Ọmọ mi ń wá mi!" Bàbá wọ balùwẹ̀ lọ, ó ṣí omi kó má baà gbọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Alága ti ń rìn. Á fi ọwọ́ méjèèjì di etí ife mú, á máa ká ilé kiri bí ẹni tó ń bẹ iṣẹ́ wò, á máa mu díẹ̀díẹ̀. Agogo kan á lù, Bàbá á jókòó sórí àga, ọmọ á gba iwájú rẹ̀ kọjá. Kò nílò apá ẹnikẹ́ni mọ́. Ohun tí Bàbá torí rẹ̀ purọ́ ì bá tán náà ni, pẹ̀lú irọ́ tàbí láìsí irọ́. Ọmọ ń dàgbà ni, kò sì sí ẹni tó lè gé ìyẹn kúrò.

Nígbà tí ìyá Alága rí i pé ọmọ ti gbà, ó wọṣọ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ kan láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gba òun padà. Nǹkan bí agogo mẹ́rin ló padà dé. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó.

"Wọ́n ti fi ẹlòmíì sípò yẹn," ó wí. "Ọmọbìnrin tó dé lọ́dún tó kọjá. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di etí aṣọ mú. Ìdí iṣẹ́ mi náà, wọ́n ti mú ẹlòmíì síbẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín. "Kò burú. Ọmọ mi ló ṣe pàtàkì, ó sì ti dá mi mọ̀. Ẹ ṣeun, Bàbá, tẹ́ ẹ ò dá mi lẹ́kun."

Ọpẹ́ yẹn ni Bàbá ò lè gbé mì. Bó bá jẹ́ pé obìnrin náà sunkún ni, bóyá Bàbá ì bá tún rí irọ́ mìíràn pa. Ó ní kí ọmọ òun má tíì dìde. Ó sì sọ ọ́, láti orí garawa ìdọ̀tí títí dórí àkìtàn, kò fi ẹyọ kan pamọ́. Ó sọ bó ṣe ń ṣan ife. Ó sọ ọ̀rẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí kò sí ọ̀rẹ́ kankan níbì kan.

Nígbà tó sọ ọ́ tán, obìnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Lọ́jọ́ tí mo ka lẹ́tà yẹn fún yín, ẹ mọ̀."

"Mo mọ̀."

"Mo bi yín o. Mo ní kí lẹ rí sí i."

"O bi mí."

"Kí ló wá dé, Bàbá?"

"Mo rò pé tí mo bá sọ ọ́, o ò ní jẹ́ kí n gbé e mọ́."

Ó gbójú sókè, ó wò ó. "Ǹ bá bínú," ó wí. "Ǹ bá bínú gan-an ni, fún ọjọ́ mẹ́ta, bóyá mẹ́rin. Lẹ́yìn ẹ̀ ńkọ́? Ta ni mo tún ní tí ǹ bá gbé ọmọ mi fún? Ẹ̀yin náà ni ǹ bá gbé e fún."

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Bàbá ti gbọ́ ọ láìmọye ìgbà, òun náà ti fi kìlọ̀ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló tó mọ ibi tó ti ń dun èèyàn. Ó fẹ́ kí ọmọ òun pariwo. Ó fẹ́ kó gbá ilẹ̀kùn, kó sọ ọ̀rọ̀ tí ò dára. Obìnrin náà kàn dìde, ó lọ wo ohun tí Alága ń fà ya nínú yàrá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti wẹ̀ fún ọmọ, ó ti kó aṣọ rẹ̀ àti ife rẹ̀ sínú báàgì. Ó ní obìnrin kan wà ní òpópónà kejì tó ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Alága á máa wà bí òun bá ń wá iṣẹ́ kiri.

"Ṣebí mo wà nílé," ni Bàbá wí.

"Ẹ sinmi, sà," ọmọ rẹ̀ dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń bá àlejò sọ̀rọ̀. "Wàhálà yín ti pọ̀ jù."

Ó ṣílẹ̀kùn, ó ń sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀. Alága yọ orí lókè èjìká ìyá rẹ̀, ó rí Bàbá lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ tàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́ sí i tayọ̀tayọ̀, nítorí pé ní tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣẹ òun.